Jẹ̀díjẹ̀dí Kọ́ Ni Gbogbo Inú Rírun

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá mu tíì tó kún fún mílíìkì láàárọ̀, tí inú rẹ̀ ń kùn kó tó di ọ̀sán, ti mọ ohun tí ará ilé máa sọ: jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ti jẹ nǹkan dídùn jù. Ìyá alágbo á bu ife kan fún un, tàbí kó ra Flagyl ní kẹ́míìsì, kó gbé méjì mì. Bí inú náà bá rọlẹ̀, agbo ló gba ìyìn. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní àìsàn náà ti wọra. Kò sí ẹni tó béèrè nípa mílíìkì.

Ó sì yẹ kí wọ́n béèrè, nítorí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ láti 1971. Lọ́dún náà ni Norman Kretchmer, dókítà ọmọdé láti Amẹ́ríkà, àti Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Èkó tó wá di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú The Lancet. Wọ́n wo bí lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì, ṣe ń dà nínú àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé kì í dà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá àti Ígbò. Àwọn Fúlàní darandaran ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Gbogbo ìkókó ló ní èròjà kan nínú ìfun, lactase, tó ń fọ́ ṣúgà yìí kí ọmú ìyá lè ṣe ara lóore. Lẹ́yìn tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, èròjà náà máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àfi àwọn tí ìran wọn ti ń fi wàrà màlúù ṣe oúnjẹ láti ayébáyé. Ṣúgà tí kò bá dà á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, omi á rọ́ wọ inú ìfun, inú á wú, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ènìyàn àgbáyé ló wà nípò yìí. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí kó agolo mílíìkì dànù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí lactose kì í dà nínú wọn lè mu nǹkan bíi gíráàmù 12 rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn bí ife mílíìkì kan, pàápàá bí wọ́n bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri tún rọrùn fún ọ̀pọ̀ inú. Ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, wọ́n á sì sẹ́ omi rẹ̀ kúrò. Omi yẹn ni púpọ̀ nínú lactose bá lọ. Ẹni tó kọ gbogbo nǹkan oníwàrà sílẹ̀ nítorí inú rírun ọjọ́ kan ń fi calcium du eegun ara rẹ̀ láìnídìí.

Ẹ̀wà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní oríṣi ṣúgà méjì, raffinose àti stachyose, tí ìfun ènìyàn kankan kò ní èròjà tó lè fọ́ wọn. Bí wọ́n bá rẹ ẹ̀wà, tí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e kaná, ṣúgà náà á dín kù. Ìdí nìyí tí ẹlòmíràn tí ẹ̀wà àdàlú ń wú nínú fi lè jẹ mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n máa ń rẹ ẹ̀wà rẹ̀ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kó sì sùn dáadáa. Kò yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ pé òun ò jẹ ẹ̀wà mọ́ láéláé, nígbà tí ẹran àti ẹja ti wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ọ̀tọ̀ pátápátá ni álẹ́jì, ó sì yẹ kí gbogbo ilé mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú álẹ́jì, àwọn ológun inú ara ló ń dìde sí oúnjẹ náà: ẹ̀pà, edé, ẹyin tàbí ẹja. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ara lè máa yún ènìyàn, ètè lè wú, ọ̀nà ọ̀fun lè há, ó sì lè já sí ikú. Abẹ́rẹ́ adrenaline ni wọ́n fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là, ilé-ìwòsàn sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ sáré gbé e lọ. Agbo kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ edé lílọ̀ wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, nínú ọbẹ̀, nínú mọ́ínmọ́ín, kò sì hàn sójú. Àlejò tó bá béèrè níbi ìnáwó pé ṣé edé wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní ó ń ṣàṣejù. Kí ẹni kan náà sọ pé èèwọ̀ ìdílé òun ni òkété, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Ìdí wo wá ni ohun tó lè pa ènìyàn kò fi ní rí ọ̀wọ̀ tí èèwọ̀ ń rí?

Nítorí pé inú rírun kan náà lè ti ọ̀nà púpọ̀ wá, ìméfò kò lè yanjú rẹ̀. Àwọn kan ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IgG lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó máa ń to orúkọ oúnjẹ rẹpẹtẹ tí ara kọ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ álẹ́jì ní Yúróòpù ní 2008, àti ti Kánádà ní 2012, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má lò ó fún èyí: ohun tó ń fi hàn ni pé ènìyàn ti jẹ oúnjẹ náà rí. Ní ilẹ̀ tí àwọn àgbà kan ṣì ti ń fi ẹyin du ọmọ nítorí kó má baà di olè, ìwé àyẹ̀wò tó tún ní kí wọ́n mú ẹ̀wà àti ẹja kúrò lábọ́ ọmọ náà lè sọ ọ́ di aláìjẹunrekánú.

Iṣẹ́ yìí ti ní oníṣẹ́: onímọ̀ oúnjẹ tí àwọn ilé-ìwòsàn ń pè ní dáyẹtíṣàn. Á ní kí aláìsàn máa kọ ohun tó jẹ sílẹ̀, àti wákàtí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Á mú àwọn oúnjẹ afunra kúrò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, á wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì sọ ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò èyí tí ara kọ̀. Òun ló mọ̀ pé àlùbọ́sà, tó wà nínú gbogbo ata tí à ń lọ̀, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí. Òun náà ló máa sọ fún ẹni tó ń fura sí búrẹ́dì àti sẹ́mò pé kó má tíì jáwọ́ nínú wọn kí dókítà tó ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún celiac, ìyẹn àìsàn ìfun tí àlìkámà ń dá sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti jáwọ́, àyẹ̀wò náà lè má rí nǹkan kan. Bó bá wá jẹ́ celiac lóòótọ́, iyán, àmàlà, ẹ̀bà àti ẹ̀kọ kò ní àlìkámà nínú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni dáyẹtíṣàn ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n wà ní UCH ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kí aláìsàn sọ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó kọ ìwé fún òun láti rí wọn. Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB ní Abẹ́òkúta ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ náà, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ ilé-ìwòsàn ńláńlá nìkan ni wọn yóò ti máa ṣe é. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ẹnì kan sí ilé-ìwòsàn jẹ́nẹ́rà kọ̀ọ̀kan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ló dáàbò bo orúkọ náà. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní dietitian, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní nutritionist. Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lè yẹ orúkọ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lọ. Ní Nàìjíríà, ó yẹ kí aláìsàn béèrè: ibo lo ti kàwé, ilé-ìwòsàn wo lo ti kọ́ṣẹ́? Ẹni tó bá ń ta oògùn amúnitẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, tó tún ń sọ oúnjẹ téèyàn máa jẹ lọ́wọ́ kejì, kí aláìsàn yẹra fún un.

Nígbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn bá ń lọ, kó mú àkọsílẹ̀ ohun tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan dání, kó mú páálí àti agolo àwọn nǹkan tó rà, kó sì dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan agbo, nítorí òun náà lè máa mú ènìyàn yàgbẹ́.