Àpò Kọkànlá

Píkọ́ọ̀pù tí àwọn Hausa ń pè ní a-kori-kura ló ń gbé oko wọ ìlú ní Zaria. Òun ló ń kó àgbàdo, sóyà àti tòmátì láti Giwa, Soba àti Makarfi wá sọ́jà. Òun náà ló ń wọ́ ẹ̀rọ ìpakà àti táńkì omi lọ sóko. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa nígbà tó bá dé Kwangila lálẹ́. Àpò ti ga ju orí awakọ̀ lọ, ìdí ọkọ̀ ti wọlẹ̀, imú rẹ̀ ti gbé sókè, iná iwájú tó yẹ kó tàn sórí ọ̀dà wá ń tàn sójú ẹni tó ń bọ̀. Nítorí pé iwájú ti fúyẹ́ jù, táyà tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀ kò tẹ ilẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́. Ẹni tó bá rí i á ní ọkọ̀ náà mà lágbára o, olówó rẹ̀ mà ń jèrè o. Èmi kò gbà pé èrè ni. Gbèsè ni, ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ̀ pé òun jẹ gbèsè, àwọn tí kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ló ń bá a san án.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì ti wọn ìtẹ́ náà. Toyota Hilux tuntun tí íńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wọ́ tó kílò 3,500, bí ohun tó ń wọ́ bá ní bíréèkì tirẹ̀. Bí kò bá ní, kílò 750 péré ni. Íńjìnnì kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni; dídúró ló mú ìyàtọ̀ wá. Agbára tó ń yọ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ kì í ṣe agbára tó ń dá a dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, ooru tí bíréèkì máa gbà sára di ìlọ́po méjì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru náà di ìlọ́po mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìpakà tí wọ́n so mọ́ ìdí ọkọ̀ kì í sábà ní bíréèkì kankan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ohun tí a ń wọ́ ló sì yẹ kó fara ti ìdí ọkọ̀. Bí ẹrù bá lọ sẹ́yìn jù, á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún bí ìrù, títí á fi fa ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Wọ́n á ní owó ló fà á, òótọ́ sì ni. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó náà. Àpò àgbàdo kan lọ́jà Àríwá tó nǹkan bí 100 kílò. Àpò mẹ́wàá ti di tọ́ọ̀nù kan, ibẹ̀ sì ni agbára ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ti ń tán. Awakọ̀ àkọ́kọ́ tó bá gbé àpò kọkànlá máa jèrè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo awakọ̀ tó wà ní gáréèjì bá ti ń gbé ogún àpò, oníṣòwò á bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó àpò wálẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹlòmíì máa gbé e ní iye tó kéré sí i. Láìpẹ́, owó tí awakọ̀ ń gbà lórí ogún àpò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ì bá gbà lórí mẹ́wàá. Èrè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Táyà tó bẹ́, sípíríìnì tó ṣẹ́ àti ewu ojú ọ̀nà ló kù sọ́wọ́ rẹ̀. Àwa wá ń pe èyí ní akitiyan. Àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́".

Ohun tí a-kori-kura ń ṣe ní kékeré ni tírélà ń ṣe ní ńlá. Píkọ́ọ̀pù kò fi bẹ́ẹ̀ ba ọ̀nà jẹ́. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń wu léwu. Tírélà ló ń jẹ ọ̀nà. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà wa ọkọ̀ ẹrù léraléra lórí ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe ní Illinois, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń bà á jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá irin tó gbé táyà ró bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ ọ̀nà á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Kódà bí ẹrù bá fi ìdá kan nínú márùn-ún lé, ìbàjẹ́ á tó ìlọ́po méjì. Ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ ọ̀nà Abuja sí Kaduna, Zaria àti Kano síta, kìlómítà 375, ní bílíọ̀nù 155 náírà. Nígbà tó di 2021, wọ́n rí i pé àtúnṣe lásán kò lè tó, àfi kí wọ́n tún ọ̀nà náà ṣe látìpìlẹ̀, owó náà sì fò sókè dé nǹkan bí bílíọ̀nù 797. Gbogbo wa ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀, títí kan ìyá tó ń ta kúlíkúlí ní Sabon Gari tí kò ní kẹ̀kẹ́ lásán.

Ẹnì kan lè sọ pé iṣẹ́ tí kò dáa àti omi òjò ló ń ba ọ̀nà wa jẹ́, kì í ṣe ẹrù. Mi ò jiyàn pé omi ń bà á jẹ́. Àmọ́ omi kì í wọ ibi tí kò lanu, ẹrù àpọ̀jù ló sì ń la ẹnu ọ̀dà fún un. Àtakò tó lágbára jù ni ti oúnjẹ. Dísẹ́ẹ̀lì ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà lítà kan ní 2024. Wọ́n ní bí a bá dín ẹrù kù, owó ọkọ̀ á gun òkè, oúnjẹ á sì wọ́n sí i. Ó lè wọ́n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n a ti ń san owó yẹn tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú tòmátì tó rà sínú agbọ̀n nítorí ọkọ̀ dákú lọ́nà Èkó, nínú owó ilé ìwòsàn, nínú òkú tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣírò iye rẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí lára iye tí wọ́n dá lé àpò, nítorí náà a rò pé ọ̀fẹ́ ni.

Zaria kọ́ ló sì yẹ kó gbàgbé pé ẹrù ńlá ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní nǹkan bí 1911 ni ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ sí Kano. Ní 1914, ẹ̀ka kan ti jáde níbẹ̀ lọ sí Bukuru nítorí kùsà ilẹ̀ Jos, òmíràn sì lọ sí Kaura Namoda lẹ́yìn náà. Òwú àti ẹ̀pà ló ń gba ojú irin náà dé etíkun nígbà náà. Oṣù Keje 2021 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ojú irin tuntun láti Kaduna sí Kano, kìlómítà 203. Ó yẹ kí ẹrù jẹ wọ́n lógún níbẹ̀ ju èrò lọ.

Kí irin yẹn tó ṣe tán, iṣẹ́ kan wà tí kò nílò bílíọ̀nù: kí a rí i pé ọkọ̀ kò gbé ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Awakọ̀ kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe. Ẹni tó bá dá gbé mẹ́wàá nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ogún, ebi ló máa pa á. Nítorí náà, inú ọjà ló yẹ kí òṣùwọ̀n ẹrù wà, kí ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ oníṣòwò jọ máa mójú tó o, kí ìtanràn sì kan ẹni tó ni ẹrù bó ṣe kan ẹni tó gbé e. Bí ó bá jẹ́ ojú títì la fi í sí, owó ẹ̀yìn ló máa dà. NITT, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ìrìnnà, Zaria ló fìdí kalẹ̀ sí; ibo ló tún yẹ kí a ti kọ́kọ́ dán an wò? Ẹ̀rù kò yẹ kó ba awakọ̀ pé ìyà máa jẹ òun. Àpò kọkànlá tí a bá sọ̀ kalẹ̀ kò sọnù. Ẹrù ọkọ̀ tó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ ni, tí awakọ̀ rẹ̀ ti ń retí iṣẹ́ láti àárọ̀.