Ẹ Má Tíì Pa Fóódà Yẹn Rẹ́: Èsì fún Àwọn Tó Ń Pariwo Pé “Ó Ti Wà Lórí GitHub”

Láti ìgbà tí CcHUB ti ṣílẹ̀kùn ní Yábàá ní 2011, tí Andela sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó níṣẹ́ ní 2014, kóòdù ti di oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìwáyà títí dé Abúlé Ọjà. Ọ̀rọ̀ kan sì ti di òfin láàárín wa. Bí ààyè bá tán lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹnì kan bá fẹ́ ta èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè fi owó kún owó ra òmíràn, tàbí bí iṣẹ́ bá parí tí oníbàárà sì ti sanwó, ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n máa ń wí fún àbúrò ni pé: “Ṣé o ti push? Ó ti wà lórí GitHub nìyẹn. Pa fóódà yẹn rẹ́, jàre.” Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG tó háyà yàrá sí àdúgbò wa gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ti orí bẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun gbà á gbọ́. Mo ní irọ́ ni, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti bi mí ìdí.

Ibi tí irọ́ náà ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Kí Linus Torvalds tó gbé Git jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2005, CVS àti Subversion ni ọ̀pọ̀ ń lò. Lábẹ́ Subversion, orí sáfà ni ìtàn iṣẹ́ ń gbé. Ẹ̀dà lásán ló wà lọ́wọ́ yín, bí ẹ bá sì ti commit, ó ti dé sáfà lójú ẹsẹ̀. Nígbà náà, ẹni tó bá ní “ó ti wà lọ́hùn-ún” kò jìnnà sí òótọ́. Git ló pín ìṣe kan yìí sí méjì: commit ń dúró sórí kọ̀ǹpútà yín, push ló ń gbé e lọ. Àwọn èèyàn pààrọ̀ irinṣẹ́, wọn ò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà CVS pàápàá kì í sáré da nǹkan nù. Wọ́n ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ “cvs release -d”, tó máa ń yẹ fóódà wò, tó máa ń sọ iye fáìlì tí ẹ ti yí padà tí ẹ kò tíì fi ránṣẹ́, kó tó bèèrè bóyá ẹ ṣì fẹ́ kí òun pa á rẹ́. Ìwé ìlànà rẹ̀ tún kìlọ̀ pé fóódà tí ẹ bá dá sínú rẹ̀ láìfi sábẹ́ CVS yóò bá a lọ láìsí ariwo. Git kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún odindi clone. “rm -rf” ni tiwa, òun kì í sì í bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí push ń gbé ní ti gidi. Láti Git 2.0 tó jáde ní 2014, bí ẹ bá tẹ “git push” lásán, branch tí ẹ dúró lé lórí nìkan ló ń lọ. Àwọn branch tí ẹ fi dán nǹkan wò lóṣù tó kọjá kò bá a lọ. Tag kì í lọ àyàfi tí ẹ bá ní kó lọ. Ti stash ló wá burú jù, torí push ojoojúmọ́ kì í gbé e rárá. Ẹ sì mọ bí stash ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ẹ wà láàárín iṣẹ́, oníbàárà pè pé ibi tí wọ́n ti ń sanwó kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ tẹ “git stash”, ẹ sáré bọ́ sórí main, ẹ tún un ṣe, inú oníbàárà dùn, iná lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, “git status” á ní “nothing to commit, working tree clean”. Kò parọ́. Ẹ ò bi í nípa stash ni.

Nípa “git status” yìí gan-an, àwọn kan máa ń fi ṣe ẹ̀rí. Lóòótọ́, ó máa ń sọ pé ẹ ti fi commit mélòó kan ṣíwájú origin, ìyẹn bí branch náà bá ti ní ẹnìkejì lórí sáfà. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ẹ kò push rí, kò ní ẹnìkejì. Ogún commit lè wà nínú rẹ̀, “git status” á dákẹ́, á tún ní ibi gbogbo mọ́ tónítóní. Kì í sì í pe sáfà: ohun tó rántí láti ìgbà tí ẹ ti fetch kẹ́yìn ló ń kà fún yín. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó. Git ò mọ̀ ọ́n lára, torí commit kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oore rẹ̀ nìyẹn, ewu rẹ̀ náà nìyẹn: irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń gbá jọ sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí ẹni tó ni ín á sì rò pé òun ti fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ẹkún ni .gitignore. Àwa fúnra wa la kọ ọ́ kí Git lè di ojú sí àwọn nǹkan kan. A wá ń retí pé kí ohun tí Git kò wò wà lórí GitHub! Ibẹ̀ ni .env wà, tó gbé kọ́kọ́rọ́ Paystack àti password database. Ìyẹn ṣì rọrùn, ẹ lè gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. Fáìlì SQLite tí ẹ fi ọwọ́ tẹ orúkọ àwọn oníbàárà sínú rẹ̀ ńkọ́? Àwòrán ọjà tí ìyá ọlọ́jà fi WhatsApp ránṣẹ́, tí ẹ jù sínú “uploads” ńkọ́?

Ẹ wá wo keystore, fáìlì tó gbé kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ń fọwọ́ sí áàpù. Bí ẹ bá fi Flutter kọ áàpù Android, Flutter fúnra rẹ̀ ló ń kọ key.properties, keystore àti jks sínú .gitignore tó wà nínú fóódà “android”, kò ní bi yín. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ yẹn pẹ̀lú password rẹ̀ lè fọwọ́ sí áàpù ní orúkọ yín. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yìí kan náà ni Play Store fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbé àtúnṣe wá. Àwọn áàpù tuntun tó wọlé láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 wà lábẹ́ Play App Signing: Google ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gangan, ẹ sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba upload key tuntun. Áàpù àtijọ́ tí kò sí lábẹ́ ètò yìí kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí keystore rẹ̀ bá sọnù, kò sí àtúnṣe fún un mọ́ láéláé. Orúkọ package tuntun ni, áàpù tuntun ni, àwọn tó ti fi sórí fóònù wọn á sì wà pẹ̀lú ti àtijọ́. Kóòdù wà lórí GitHub pérépéré o. Kò sí ohun tó ṣe kóòdù.

Àwọn onígboyà á ní Git kì í sọ nǹkan nù, pé reflog wà. Ó wà lóòótọ́: ó máa ń tọ́ka commit tí ẹ rò pé ó ti lọ fún ọjọ́ 90, tàbí ọjọ́ 30 bí kò bá sí branch tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ibo ni reflog ọ̀hún ń gbé? Inú .git. Ibo ni .git wà? Inú fóódà tí ẹ fẹ́ pa rẹ́. Wọ́n jọ ń lọ ni. Ohun tí ẹ kò sì commit rí, reflog kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Ní 2017, ẹnì kan kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣe VS Code pé òun tẹ bọ́tìnì “discard”, fáìlì bí 5,000, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tí òun kò commit rí, sì pòórá. Ọ̀pọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí lẹ ń fi í rẹ́rìn-ín sí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi “rm -rf” ṣe irú rẹ̀?

Ẹni tó ń kó kúrò nínú yàrá kì í wo rìsíìtì owó ilé kó tó mọ̀ bóyá ẹrù òun ti pé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń wò. Fóódà ni kí ẹ bi, ẹ má bi GitHub. Ẹ kọ́kọ́ tẹ “git fetch --all --prune”, kí ohun tó rántí nípa sáfà lè jẹ́ tòní. Dátà tó ń jẹ kì í sábà tó nǹkan. Lẹ́yìn náà, “git log HEAD --branches --tags --not --remotes --oneline”: commit yòówù tó bá yọjú níbẹ̀ kò sí lórí branch kankan ní sáfà tí fóódà yẹn mọ̀. (Bí ẹgbẹ́ yín bá ń lo squash merge, commit tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ main tipẹ́ á ṣì yọjú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má tìtorí rẹ̀ fo ìyókù.) “git stash list” á ka ohun tí ẹ fi pamọ́, “git status” á sọ fáìlì tí ẹ yí padà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni “git clean -ndx”, tó ń ka orúkọ gbogbo ohun tí Git kò mọ̀ àti ohun tó di ojú sí. Lẹ́tà n yẹn ló ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ bá fi f rọ́pò rẹ̀, ẹ ti ṣe ohun tí à ń sá fún.

Ẹ má wá tìtorí èyí lọ push .env àti keystore. Pípa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀lé e kò yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn. Ẹ fi password tì í, kí ẹ kó o sí fláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Tó bá sì jẹ́ ààyè ni wàhálà, ẹ tẹ “du -sh node_modules” kí ẹ rí olè náà. Òun ni kí ẹ pa rẹ́, package-lock.json á dá a padà. Dátà ni yóò fi dá a padà ṣá, nítorí náà kó má jẹ́ òru ọjọ́ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ han ọ̀gá. Bí gbogbo àṣẹ yìí bá sì dákẹ́, tí kò ku nǹkan kan ju node_modules àti build lọ, ẹ pa fóódà náà rẹ́ tayọ̀tayọ̀. N kò sí lẹ́yìn àwọn tó ní “project”, “project-new” àti “project-final2” lórí kọ̀ǹpútà kan náà, tí wọn ò sì mọ èyí tí oníbàárà ń lò. Àwọn yẹn, ìwé tiwọn ń bọ̀ lọ́tọ̀.