Ẹ Má Fi Lẹ́tà Ọ̀ṣọ́ Ba Orúkọ Wa Jẹ́

Kò sí ẹni tí yóò rìn láti Yaba dé Mushin tí kò ní rí irú lẹ́tà kan tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní Old English: ó dúdú, ó nípọn, igun rẹ̀ sì mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Òun ni wọ́n fi ń kọ orúkọ olóògbé sára ìwé ìkéde òkú, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sára ìwé ẹ̀rí, àti orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára ìwé ìpè ìgbéyàwó. N kò bá ẹwà rẹ̀ jà. Ohun tí mo ń bá jà ni pé a ń fi í kọ orúkọ Yorùbá láìsí àmì.

Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ nínú Old English tó wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn atẹ̀wé ni kò ní ẹ, ọ àti ṣ, ká má tilẹ̀ sọ ti àmì ohùn. Bí a bá tẹ ọ, kọ̀ǹpútà yóò yá a lára irú lẹ́tà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dà bí aṣọ tuntun tí a fi àkísà lẹ̀. Kí iṣẹ́ lè dùn ún wò, atẹ̀wé á yọ àmì kúrò. Báyìí ni Ọdẹ́wálé ṣe ń di Odewale. Ta ni yóò sọ fún àjèjì tó ń kà á bóyá ọdẹ ni, tàbí òde, tàbí ọ̀dẹ̀? Ìran ọdẹ kò fi orúkọ yangàn kí a lè sọ ọ́ di òmùgọ̀ lára ògiri.

Ìṣòro kejì tún wà níbẹ̀. Nínú irú lẹ́tà yìí, igi òòró lásán ni m, n, u àti i. Olúmúyìwá á wá dà bí ọgbà tí a fi igi sọ. Bí a bá sì fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ ọ́, kò ní ṣeé kà mọ́, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni a dá àwọn lẹ́tà ńlá náà fún.

Wọn á ní oníbàárà ló fẹ́ ẹ, pé ó ń bu iyì kún iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Jámánì, níbi tí Gutenberg ti fi irú lẹ́tà yìí tẹ Bíbélì ní nǹkan bí ọdún 1455. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi lò ó níbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ àmì sórí ä, ö àti ü tiwọn. Lẹ́tà náà lè gbé àmì. Àwa ni a kò bèèrè fún tiwa. Bẹ́ẹ̀ ìjọ CMS ti ṣèpàdé lórí àkọtọ́ èdè yìí ní Èkó ní 1875, ìjọba sì ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ọmọ tí a kọ́ ní àmì ohùn nínú kíláàsì, tó wá gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Yorùbá lórí ìwé tí kò ní àmì kan ṣoṣo, kí ni a kọ́ ọ gan-an?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀ṣọ́, kó fi Old English ṣe lẹ́tà àkọ́kọ́ inú àkọlé. Charis SIL tàbí Noto Serif ni kó fi kọ orúkọ: ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń gba àmì wa. Kí oníbàárà fi àmì sí orúkọ kó tó gbé e fún atẹ̀wé, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Kí ọ̀gá ilé ìwé má ṣe buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí tí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kò pé lórí rẹ̀. Orúkọ ni ìjánu ọmọ ènìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀ṣọ́ já a.