Kí A Tó Ta PlayStation Ra Kọ̀ǹpútà

Nígbàkígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá tún pàdé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa, ìtàn ilé ibùgbé, agogo ìdájí àti oúnjẹ ọjọ́ Sátidé la fi ń bẹ̀rẹ̀. Kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi ń di ti àwọn ọmọ tí a bí. Láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìbéèrè kan náà ni ó ń ti ẹnu òbí kan bọ́ sí ẹnu òbí mìíràn: ọmọ ní PlayStation tí a rà fún òun ti sú òun, ó ní kí á tà á, kí á bu owó kún un, kí á sì ra kọ̀ǹpútà tí òun yóò máa fi gbá géèmù. Kí ni kí òbí ṣe?

Àwọn kan nínú wa ti dá ọmọ lóhùn kíákíá pé ojúkòkòrò ni. A kò rò pé èsì náà tọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó kan owó ilé, àkókò ọmọ àti ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ tó ohun tí à ń jókòó gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á rántí pé àwa náà gbá géèmù. Ọdún 1994 ni PlayStation àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Japan, èkejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2000. Nígbà tí ó dé àdúgbò wa, ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ní ọ̀kan nílé. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbowó géèmù ni àwa yòókù ń lọ. Winning Eleven ni à ń gbá, ẹni tí wọ́n bá sì nà yóò dìde fún ẹlòmíràn. Páàdì méjì ni, ènìyàn méjì ni, àwọn tí ń wòran a sì lé ní mẹ́wàá. A óò tún padà sórí ọ̀rọ̀ páàdì méjì yẹn.

Kí ni ọmọ rí lára kọ̀ǹpútà? Ohun tí ó rí kì í ṣe irọ́. Àwọn tí ó ṣe PlayStation àti Xbox ti pinnu ohun tí ẹ̀rọ wọn yóò máa ṣe. Kọ̀ǹpútà ń ṣe ohun tí ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ̀ bá kọ́ ọ láti ṣe. Lórí Steam, ọjà géèmù tí ilé iṣẹ́ Valve dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, àwọn ọmọ ti mọ ìgbà tí owó géèmù máa ń wálẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi PlayStation bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókèèrè figagbága nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí a ń fowó rà gbọ́dọ̀ san owó PlayStation Plus pẹ̀lú. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ jù lọ géèmù kò béèrè irú owó bẹ́ẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ lè tú inú géèmù wò. Bí ó bá ń gbá Minecraft lórí kọ̀ǹpútà, ó lè kọ́ bí a ti ń yí i padà, kí ó sì fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe kún un. Ọ̀nà tí ó ti inú eré wọ inú iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé pé láti ọdún 2015 ni ìdánwò UTME ti JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kíbọ́ọ̀dù àti máòsì kò ní wọ gbọ̀ngàn náà bí àlejò.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ àpèjúwe ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú Ìwé Mímọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣírò.

Kọ̀ǹpútà tí yóò gbá géèmù bí PlayStation 5 ti ń gbá a sábà máa ń wọ́n ju PlayStation 5 lọ, nítorí graphics card tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ níwájú dọ́là, gbogbo rẹ̀ ló tún gbówó lórí sí i. Ẹni tí ó bá lọ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó má ṣe sanwó títí ẹ̀rọ náà yóò fi gbá géèmù fún wákàtí kan lójú rẹ̀, nítorí ooru ni ó ń tú àṣírí ẹ̀rọ tí ó ti gbó.

Iná ńkọ́? PlayStation 5 ń jẹ nǹkan bí 200 wáàtì nígbà tí géèmù ńlá bá ń lọ. Kọ̀ǹpútà géèmù tí ó lágbára lè jẹ 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A dé náírà 225 fún kìlówáàtì kan ní wákàtí kan. Bí a bá fi iye yẹn ṣírò, wákàtí márùn-ún lórí PlayStation yóò jẹ náírà 225. Lórí kọ̀ǹpútà náà, yóò jẹ náírà 450. Ilé tí ó ń fi ẹ̀rọ amúnáwá tan iná mọ̀ pé tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dátà tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ géèmù ńlá ń gba 100 gìgábáìtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà yóò sì ti gbà á. Sídì PlayStation ṣeé yá ọ̀rẹ́, ó sì ṣeé tà. Géèmù tí a rà lórí Steam kò ṣeé tà fún ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, iye tí mítà kò lè kà ni ó jẹ wá lógún jù. Ọ̀kan nínú wa ra kọ̀ǹpútà náà fún ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó wà ní SS1, ó sì gbé e sí yàrá ọmọ náà, nítorí ibẹ̀ ni tábìlì ìkàwé wà. Ṣáájú ìgbà yẹn, pálọ̀ ni PlayStation wà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní í máa di páàdì kejì mú. Bàbá wọn pàápàá a jókòó tì wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọn a sì nà án ní mẹ́rin sí òdo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ̀yìn ọmọ náà nìkan ni wọ́n ń rí. Àbúrò rẹ̀ a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a wò ó díẹ̀, a sì padà. Ọmọ náà kò ya pòkíì. Ó ń kàwé. Ó ń wá sí àdúrà ìdílé bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ wí fún wa pé, “Owó ara mi ni mo fi mọ ògiri sáàárín àwọn ọmọ mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Nítorí náà, èrò wa rè é. A kò ní kí òbí kọ̀. A ní kí ó má ṣe ra agbára ẹ̀rọ kí ó tó rí iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ fi í ṣe. Scratch, tí ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2007, ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù lásán sì lè gbé e. Kí ọmọ fi sáà ẹ̀kọ́ kan ṣe géèmù tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kí ó sì fi han ará ilé. Bí ó bá parí rẹ̀, owó tí a ó bù kún un kò ní ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ pé eré nìkan ló ń wá, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú eré, ṣùgbọ́n PlayStation tí ó wà nílé ti tó.

Bí a bá rà á, kí ó wà ní pálọ̀. Ó ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, páàdì PlayStation sì ṣeé so mọ́ òun náà, méjì pàápàá. Àwọn kan yóò ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílò àyè tirẹ̀. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n nínú ilé ibùgbé tí a gbé níhìn-ín, ta ni ó ní yàrá tirẹ̀ nínú wa? Ibẹ̀ ni a sì ti kọ́ bí a ti ń bá ènìyàn gbé.

Kí òbí sì máa wo nọ́ńbà PEGI tí ó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù kọ̀ọ̀kan yẹ fún: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ara páálí sídì ni a ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Lórí Steam, kò sí páálí tí ọmọ yóò gbé wálé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà sì ni Steam.

Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbé kọ̀ǹpútà náà bọ́ sí pálọ̀. Ọmọ náà bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí a gbọ́ kẹ́yìn, òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n ń du àga. Kí Ọlọ́run tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ yìí tọ́ wa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Àmín.