Ta Ni Ó Kọ Oúnjẹ?

Gbólóhùn kan wà tí ó máa ń jáde ní ilé tí alárùn jẹjẹrẹ bá wà, yálà ní Nima tàbí ní Accra New Town, tí ó yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè bínú sí. Gbólóhùn náà ni, "Ó kọ oúnjẹ." Ọmọ ń sọ ọ́ fún dókítà, aya ń sọ ọ́ fún àlùfáà, aládùúgbò ń sọ ọ́ fún ẹni tí ó wá kí aláìsàn. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni. Nínú rẹ̀, aláìsàn ni olùwà, kíkọ̀ ni ìṣe rẹ̀, oúnjẹ tí ìfẹ́ ọmọ sè ni àbọ̀. Ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé ó kọ ọmọ náà ni. Ẹni tí ó bá kọ oúnjẹ pátápátá, bí ẹni pé ó kọ ayé ni. Báyìí ni ẹni tí àrùn ń jẹ ṣe ń di ọ̀daràn lórí ibùsùn ara rẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò rán ẹnikẹ́ni ní irú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ ebi, kì í fi ènìyàn ṣe olùwà. "Ebi ń pa mí" ni ó máa ń wí, bí ó ti ń wí pé "òǹgbẹ ń gbẹ mí" tàbí "oorun ń kùn mí." Ebi ni ó ń ṣe é, ènìyàn ni ó ń ṣe é sí. Bí ebi kò bá wá pa ènìyàn mọ́, ta ni ó jẹ̀bi? Èdè kan náà ní "ẹnu rẹ̀ kò gba oúnjẹ," ó ní "oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀," ó ní "inú rẹ̀ tètè ń kún," "èébì ń gbé e," "ẹnu rẹ̀ korò." Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ń tọ́ka sí ohun tí ó yàtọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò sì wúlò fún dókítà ju "ó kọ oúnjẹ" lọ. Olùkọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé olùwà àti àbọ̀ ní kíláàsì mọ̀ pé ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán.

Kódà, orúkọ àrùn náà ti sọ tirẹ̀. Àwọn Gíríìkì ìgbàanì fi alákàn sọ ọ́ lórúkọ, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó ń lò ti wá. Yorùbá pè é ní jẹjẹrẹ, etí wo ni kò sì ní gbọ́ "jẹ" nínú rẹ̀? Àrùn ni ó ń jẹun ní ilé yẹn. Wọ́n wá ń bá ẹni tí wọ́n ń jẹ wí pé kò jẹun.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ kò jìnnà sí ohun tí gírámà sọ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ ipò tí wọ́n ń pè ní cachexia, orúkọ tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tí ó túmọ̀ sí ipò burúkú jáde. Wọ́n ní iṣan ara ni ó ń joro, oúnjẹ nìkan kò sì lè dá a padà tán. Ẹni tí ó bá sọ ju ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ nù láàárín oṣù 6, tí kì í ṣe pé ó ń gbìyànjú láti fọn, ti wọ inú rẹ̀. Jẹjẹrẹ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tí ń bá a jà jọ ń da èròjà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn èròjà wọ̀nyí ń dé ọpọlọ, wọ́n ń pa iná ebi. Wọ́n ń dé inú iṣan, wọ́n ń tú u palẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni GDF-15, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ. Ní 2024, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára alárùn 187 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi oògùn dí èròjà yìí lọ́wọ́, ìwọ̀n ara àwọn tí ó gba oògùn náà ju ti àwọn tí kò gbà á lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ 12. Kí olóye ro ìyẹn wò. Bí ó bá jẹ́ pé oríkunkun ni, abẹ́rẹ́ tí ń dí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ kò lè wò ó sàn.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ èyí ní Accra kí wọ́n sì gbọ́? Ìlú tí àjọ̀dún rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ jẹ́ yíyọ ṣùtì sí ebi ni. Homowo ni àwọn Gaa ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn gan-an: láti hó lé ebi lórí. Ìtàn wọn sọ pé ìyàn mú àwọn baba ńlá wọn rí, pé nígbà tí àgbàdo sì wá jáde, wọ́n fi ebi ṣẹ̀sín. Lọ́dọọdún, wọ́n ń se kpokpoi, àgbàdo tí wọ́n kùnnà tí wọ́n sì fi ooru sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn àti ẹja. Àwọn olóyè ń wọ́n ọn sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti kú kí àwọn alààyè tó jẹ. Àwọn Yorùbá tí ó fi ìlú náà ṣe ilé kò yàtọ̀ sí wọn nínú èyí. Accra New Town pàápàá ti jẹ́ Lagos Town rí kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà. Òfin tí ìjọba Busia ṣe ní oṣù kọkànlá 1969 lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìlọrin, ṣùgbọ́n àwọn kan kò lọ, àwọn mìíràn sì padà wá. Wọ́n gbé òwe wọn dání. "Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀." "Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Òótọ́ ni òwe méjèèjì fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Wọn kò ní agbára lórí ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn dé ẹ̀dọ̀, tí omi kún ikùn rẹ̀ débi pé ṣíbí mẹ́ta péré ti kún un bámú.

Èyí ni ó fà á tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà mẹ́ta lóòjọ́. "Ẹ gbìyànjú, Ìyá, nítorí ti Ọlọ́run, ẹ jẹ èyí kù." Ìyá yóò gbé e mì nítorí ọmọ, yóò bì í nítorí àrùn, àwọn méjèèjì yóò sì sunkún ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìfẹ́ ni, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó gbá aláìsàn lẹ́nu mú tí ó sì ń da ẹ̀kọ sí i lọ́fun nígbà tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa ń wu ẹ̀mí rẹ̀ léwu, nítorí oúnjẹ lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àgbà tí ó sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Nígbà tí ẹnu bá kọ̀, àwọn ẹbí a ní kí wọ́n fa omi sí i lára, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà bọ́ ọ láti imú. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní ASCO ní Amẹ́ríkà gbani nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe máa lo rọ́bà tàbí ìfúnnilóúnjẹ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti jinlẹ̀ tí ó sì ń joro. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ayé, omi tí wọ́n ń fà síni lára lè pọ̀ jù fún ara, kí ó di wíwú ẹsẹ̀ àti èémí tí ń hó. Òwú tí wọ́n fi omi rẹ̀, tí wọ́n fi pa ètè, a máa tuni lára ju àpò omi méjì lọ.

Àwọn kan yóò tako èyí, wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Wọ́n á ní bí wọ́n bá sọ fún ẹbí pé kí wọ́n má fipá bọ́ aláìsàn, ọ̀lẹ yóò rí àwáwí, ebi yóò sì pa ẹni tí ì bá yè. Ẹ̀rù yìí nídìí. Ẹni tí ó ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ tàbí tí ó ń gba ìtọ́jú onítànṣán, irú èyí tí ó ti wà ní Korle Bu láti 1997, nílò oúnjẹ gidigidi, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ibí yìí kì í ṣe tirẹ̀. Àní fún ẹni tí àrùn rẹ̀ ti jinlẹ̀ pàápàá, ohun púpọ̀ ni ó wà láti ṣe kí ẹnikẹ́ni tó ká ọwọ́ lẹ́rán. Kí wọ́n la ẹnu rẹ̀ wò: ohun funfun tí ó bo ahọ́n ní oògùn. Kí wọ́n bi í bóyá ó yàgbẹ́, nítorí mọ́fíìnì tí ó ń lé ìrora lọ a máa dí ìfun, ẹni tí ìfun rẹ̀ dí kò sì lè fẹ́ jẹun. Ìrora fúnra rẹ̀ ń lé ebi sá. Èébì ní oògùn, ìbànújẹ́ ọkàn ní ìtọ́jú. Láti 2023 ni ASCO sì ti fi kún un pé oògùn olanzapine níwọ̀nba, lálaalẹ́, lè jẹ́ kí oúnjẹ wu àwọn kan. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni gbólóhùn "ó kọ oúnjẹ" ń bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá ẹ̀bi fún ènìyàn, wọn kì í wá ìdí mọ́.

Níbi yìí ni ẹ̀bi ti kan àwọn ọ̀mọ̀wé. Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, Nàìjíríà sì tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde ní èdè mẹ́rin ní 1991. Ní Accra, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí àwọn èdè Ghana ti wà láti 1951. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fojú tín-ín-rín wọn. Síbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé tí ó lè sọ "àpólà-orúkọ" àti "ìgbìmọ̀ aṣòfin" láìkọsẹ̀ kò ní gbólóhùn tí yóò fi ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ àgbà ìdí tí ẹran ara bàbá rẹ̀ fi ń lọ. Wọ́n ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún yàrá ìkàwé, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ibùsùn sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé pélébé tí ẹbí sì ń rí gbà kún fún wàràkàṣì, yógọ́ọ̀tì àti bísíkíìtì, bí ẹni pé kò sí ẹ̀kọ mímu, tí àwọn ará Accra ń pè ní koko, bí ẹni pé kò sí àsáró rírọ̀ tí àwọn Akan ń pè ní mpotompoto, tàbí ewédú tí ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Oúnjẹ tútù kì í ta òórùn bí èyí tó gbóná. Ìwọ̀nba nínú àwo kékeré kì í dẹ́rù bani bí àwo ńlá. Èdè wo ni kò lè sọ èyí?

Àwọn tí ń ta àgbo ní Makola àti lórí rédíò kò dúró de àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní ṣúgà ń bọ́ jẹjẹrẹ, wọ́n ní ẹran ń bọ́ ọ, wọ́n sì ń gba ìwọ̀nba tí ó ṣì ń wu aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Ìpàdé àwọn ìjọba nípa ìlera lágbàáyé fọwọ́ sí ìpinnu ní 2014 pé kí ìtọ́jú tí ń mú ìtura bá alárùn tí kò ní sàn di apá kan ètò ìlera orílẹ̀-èdè gbogbo. Ó ti wà ní Uganda láti 1993, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Accra. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń ṣe é nílò gbólóhùn ní Gaa, Twi, Hausa àti Yorùbá: bí wọ́n ṣe ń béèrè ibi tí oúnjẹ ti ń há, bí wọ́n ṣe ń sọ fún ọmọ pé ebi kọ́ ni ó ń pa bàbá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ àti omi fọ ẹnu. Kò ní gbà ju ojú ewé méjì lọ, àwọn tí ó sì lè kọ ọ́ ni wọ́n ń kọ́ni ní olùwà àti àbọ̀.