Búráúsà Tí Kì Í Gbọ́ “Rárá”

Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà tuntun lóde òní, kó má tíì yangàn pé òun ló ni ín. Ó ṣí búráúsà kó lè wá nǹkan kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, búráúsà náà ti ní ìbéèrè tirẹ̀ nílẹ̀. Ṣé kí òun nìkan máa ṣí gbogbo líǹkì tí ẹ bá tẹ̀? Ṣé ẹ ó fi ímeèlì yín wọlé? Ṣé kí òun kó ohun tó wà nínú búráúsà yín àtijọ́ wá sọ́dọ̀? Bọ́tìnnì “Bẹ́ẹ̀ ni” á tóbi, á máa dán. Ẹnìkejì rẹ̀ kì í jẹ́ “Rárá”. “Ó di ìgbà mìíràn” ni wọ́n ń kọ sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Kò ní pẹ́ tó tún fi dé, bí àlejò tí wọ́n ní onílé ò sí, tó lọ ń yọjú lójú fèrèsé.

Ẹ má pè é ní àṣìṣe o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Láti 2010 ni Harry Brignull, ará Ìlú Ọba, ti sọ irú ẹ̀tàn yìí ní dark patterns. Ní oṣù kìíní 2024, òun àti Cennydd Bowles gbé ìwádìí jáde, iṣẹ́ tí Mozilla gbé fún wọn, lórí ọgbọ́n tí Microsoft ń dá nínú Windows kí aráyé má baà kúrò lórí Edge, búráúsà tirẹ̀. Mozilla ló ni Firefox, ọjà tirẹ̀ náà ló ń pọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti fi Edge wá Chrome, búráúsà Google, lọ rí mọ̀ pé irọ́ kọ́. Ọwọ́ Google náà ò mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ẹni tó bá wọ Gmail nínú Chrome 69, Chrome ti sọ ọ́ di ẹni tó wọlé sínú búráúsà fúnra rẹ̀, láìbèèrè. Ìgbà táráyé pariwo ni Chrome 70 tó fàyè sílẹ̀ láti pa á.

Àmọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù ni àpótí tó ń tọrọ àyè láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́. Ìyá kan fẹ́ wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀, àpótí bo ojú fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Kó ṣáà lè ríran, ó tẹ “Allow”. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, bó ti ń tajà ni fóònù ń ké pé kòkòrò ti wọ inú òun, kó tètè tẹ ibí yìí, kó sanwó. Ta ló gbà wọ́n láyè? Ìyá ni, wọ́n á ní. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé dá dúró: látìgbà Firefox 72, ní oṣù kìíní 2020, àpótí yẹn kì í ṣàdédé fò jáde mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, àmì kékeré ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ẹ̀yin tó ń lo Chrome lórí fóònù, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Site settings, ẹ pa Notifications.

Òfin ló ń ká àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́wọ́ kò jù. Ní oṣù kẹta 2013, àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu ìtanràn €561 mílíọ̀nù lé Microsoft, torí ó ṣèlérí pé àwọn oníbàárà á máa yan búráúsà fúnra wọn, kò sì mú un ṣẹ. Ní Nàìjíríà, àwa náà ní FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tó bu $220 mílíọ̀nù lé Meta, tó ni Facebook, ní oṣù keje 2024. Ẹ̀yin ọ̀gá FCCPC, ẹ dákun, ẹ bá wa yẹ ọ̀rọ̀ àwọn búráúsà yìí wò: kí bọ́tìnnì “Rárá” wà, kó tóbi bí ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹ̀rọ tó bá sì ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan má bèèrè mọ́.