Èsì sí Ọ̀rọ̀ Àgbo fún Ọmọ Ọwọ́ tí Inú Ń Run



Àpilẹ̀kọ tí ó gba àwọn ìyá ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó níyànjú pé kí wọ́n máa fún ọmọ ọwọ́ tí inú ń run ní àgbo nílò èsì, nítorí pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ọmọ ni ó bí ìmọ̀ràn náà, ewu wà nínú rẹ̀. Inú rírun yìí, ìyẹn ẹkún àìdáwọ́dúró ọmọ tí kò ní àìsàn kankan, sábà máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbí, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàrin oṣù 3 sí 4, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá fi lè gbà pé àgbo ni ó wò ó sàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ pé ọmú nìkan, láìsí omi pàápàá, ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, nítorí pé àgbo lè gbé kòkòrò àrùn wọ inú rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ kò sì tíì gbó. Oògùn inú ìgò pàápàá gba ìṣọ́ra: láàrin ọdún 2008 sí 2009, oògùn eyín tí a ń pè ní My Pikin, èyí tí májèlé diethylene glycol wọ inú rẹ̀, pa ọmọ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà.

Kì í ṣe gbogbo ìtọ́jú ìbílẹ̀ ni ó léwu, nítorí pé gbígbé ọmọ lé èjìká kí ó lè gùnfẹ̀, pípọ̀n ọ́n àti fífi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ kò gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ibà, èébì aláwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ bá bá ẹkún náà rìn, tàbí tí ọmọ bá kọ ọmú, kí àwọn òbí jọ̀wọ́ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí ìjọba kọ́ sí Àkúrẹ́ àti Oǹdó.